Ọpọlọ mọ́tò tòkúnbọ̀: ta ló dán an wò kí o tó rà á?

Ọ̀pọ̀ iṣu, aṣọ àti tòmátì tí wọ́n ń tà ní Grand Marché de Bouaké, orí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Bíréèkì sì ni ẹ̀mí awakọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀.

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń bá awakọ̀ darí bíréèkì. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọpọlọ mọ́tò. Báwo ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe mọ̀ pé kò ní já awakọ̀ kulẹ̀?

Ọkọ̀ inú kọ̀ǹpútà

Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní hardware-in-the-loop, HIL. Wọn á gbé ọpọlọ mọ́tò gidi sórí tábìlì, wọn á so wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì, táyà àti ojú ọ̀nà.

Kọ̀ǹpútà yìí lè sọ fún un pé òjò ti rọ̀, táyà ń yọ̀, awakọ̀ sì ti tẹ bíréèkì. Ọpọlọ mọ́tò á fèsì, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ohun tó kàn, ní bí ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìṣirò bá pẹ́, ìdánwò ti bàjẹ́: ọkọ̀ tó ń sáré kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Wọ́n lè já wáyà, kí wọ́n sì tún ìjàǹbá kan náà ṣe léraléra, láì sí ẹni tó farapa. Ilé iṣẹ́ dSPACE ti Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí.

Kí ló kan tòkúnbọ̀?

Iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ ni HIL ń dán wò, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó dé ọjà. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá, tàbí tí omi ti wọ̀, kò padà sórí tábìlì náà mọ́.

Láti 2018 ni Côte d'Ivoire ti fi òfin dín ọjọ́ orí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní "France au revoir" kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọkọ̀ kò sọ bóyá ọpọlọ rẹ̀ yè.

Nítorí náà, kí o tó sanwó:

• Rí i pé nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu.
• Jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò.
• Bí o bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná ABS gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, má yọ̀: ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ti pa á.