Jíìnì tó sọnù lára abẹ́rẹ́ BCG

Ẹ wo òkè apá yín. Abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ife ló fi àpá kékeré síbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wa.

Kòkòrò ikọ́ ife màlúù ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 13 ni Calmette àti Guérin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ń tún un gbìn léraléra sórí ọ̀dùnkún títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Wọn kò mọ ìdí.

Ọdún 1996 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé ọ̀wọ́ jíìnì tó ti já bọ́ lára rẹ̀: RD1. Òun ni kòkòrò ikọ́ ife fi ń dá ihò lu àpò tí sẹ́ẹ̀lì ara wa há a mọ́.

Àmọ́ BCG kì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n dá RD1 padà sínú rẹ̀, tí wọ́n dán an wò lára eku, àbò rẹ̀ le sí i. Ewu rẹ̀ náà sì pọ̀ sí i.