Ọdẹ Tí Ń Dá Wọ Igbó: Bí A Ṣe Ń Yan Awò Awọ̀nàjíjìn Tí Ó Fúyẹ́

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn ìlú Ẹdẹ láìmẹ́nu ba ọdẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, tí ó tẹ ìlú náà dó, jẹ́ ọdẹ àti tafàtafà tí Aláàfin rán wá láti Ọ̀yọ́. Títí di òní, àwọn ọdẹ ṣì ń wọ igbó tí ó yí Ẹdẹ ká àti etí Odò Ọ̀ṣun, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn nìkan. Nínú igbó kan náà ni àgbẹ̀ ti ń roko, ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣẹ́ igi ìdáná, ibẹ̀ náà sì ni àwọn darandaran ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbọn yíyìn: "Kí ni mo ń wò yìí gan-an?" A kọ àpilẹ̀kọ yìí láti ṣàlàyé bí awò awọ̀nàjíjìn tí ó fúyẹ́ ṣe lè ran ọdẹ lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè náà.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Ewé tí ó mì lè jẹ́ ìgalà. Ó sì lè jẹ́ àgbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ebè. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ oko àti awọ ẹran a máa jọra lójú. Ọta tí ó bá sì ti kúrò lẹ́nu ìbọn kò ṣeé pè padà. Àwọn ọdẹ kan a máa fi awò orí ìbọn wo ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Àṣà yìí léwu púpọ̀: bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, a ti na ìbọn sí i ná. Awò ọwọ́ ni kí a fi wá ẹran, kí ìbọn dúró di ìgbà tí ó bá dá wa lójú.

Ìtumọ̀ nọ́ńbà ara awò

Nọ́ńbà méjì ni ó máa ń wà lára awò, bíi 8x32 tàbí 10x42. Ti ìṣáájú ni iye ìgbà tí awò ń mú nǹkan súnmọ́ni. Bí ó bá jẹ́ 8, ohun tí ó wà ní mítà 80 yóò dà bí ẹni pé ó wà ní mítà 10. Ti ẹ̀yìn ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà.

Bí ẹ bá fi ti ìṣáájú pín ti ẹ̀yìn, ẹ ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde sí ojú yín ti fẹ̀ tó. Ti 8x32 jẹ́ mìlímítà 4. Ti 8x42 lé díẹ̀ ní 5. Ti 8x21 kò tó 3. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹyinjú ènìyàn a máa là sí i. Nítorí náà, awò tí tirẹ̀ kò tó 4 lè mọ́ kedere lọ́sàn-án, kí ó sì ṣókùnkùn ní ìrọ̀lẹ́ tí ọdẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tàn yín jẹ. Bí awò ṣe ń sọ nǹkan di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Èyí tí ó bá ju ìlọ́po 10 lọ ṣòro láti fi ọwọ́ lásán dì mú kí ó dúró.

Olójú kan tàbí olójú méjì?

Awò ńlá olójú kan, tí ń mú nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 20 sí 60, dára fún orí òkè àti pápá gbalasa. Ṣùgbọ́n ó nílò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ó gbé e lé, ẹrù náà sì wúwo. Ní igbó àyíká Ẹdẹ, igi àti ewé sábà máa ń dínà mọ́ ojú kí ó tó rìn jìnnà. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Kò yẹ kí ẹni tí ó dá ru ìbọn, àdá, omi àti àpò tún fi ẹrù tí kò wúlò kún ìyà náà.

Ní èrò tiwa, 8x32 olójú méjì ni ó bá irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ mu jù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù kan, kì í sì í tètè mú ojú rẹni. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú awò kékeré olójú kan, 8x32 tàbí 8x42.

Bí a ṣe ń dán an wò lọ́jà

• Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí òjìji wà. Lọ́sàn-án gangan, awò tí kò dára pàápàá a máa mọ́lẹ̀.
• Ẹ fi rúlà wọn dígí iwájú, kí ẹ lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni nọ́ńbà tí a kọ sí i lára.
• Ẹ wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì. Bí nǹkan bá di méjì lójú yín, tàbí tí orí ń fọ́ yín, ẹ dá a padà.
• Ẹni tí ń lo dígí ojú kí ó má ṣe bọ́ ọ nígbà tí ó bá ń dán awò wò.
• Ẹ béèrè èyí tí omi kò lè wọ̀, nítorí òjò. Nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún.

Ohun tí awò kò lè ṣe

Awò lásán kì í rí òkùnkùn. Lóru, ojú tí ń dán nínú iná ọdẹ lè jẹ́ ti ẹtu, ó sì lè jẹ́ ti ewúrẹ́ tàbí ajá ẹlòmíràn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ má yìnbọn. Ẹ má sì ṣe fi awò wo oòrùn láéláé; ó lè fọ́ni lójú.

Awò kò dípò òfin pẹ̀lú. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìbọn gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ti là á sílẹ̀. Kò sí ààyè fún ọdẹ ṣíṣe nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Bí awò bá sì fi hàn yín pé akika ni ó wà níwájú, ẹranko oníìpẹ́ tí ń ká ara rẹ̀ jọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, nítorí ó wà lára àwọn ẹranko tí ìparun ń dẹ́rù bà.

Ní ìparí, a rọ ẹ̀yin ọdẹ wa pé kí ẹ tó dá wọ igbó, ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ óò dé. Ẹ fi awò wò ó dáadáa, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran pẹ̀lú. Ẹran tí ó bá lọ lónìí lè padà wá lọ́la. Ẹ̀mí ènìyàn kò ní àrọ́pò.