Òróró Àdúrà Kò Gba Ipò Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì
Ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ ra katakata tòkunbọ̀



Lọ́jọ́ tí katakata tòkunbọ̀ wa wọ abúlé wa ní agbègbè Akínyẹlé, ijó la fi pàdé rẹ̀. Èrè oko ọdún mẹ́ta àti owó àjẹṣẹ́kù ìyàwó mi la dà pọ̀ tí a fi rà á. Pásítọ̀ wa gbàdúrà sí i, wọ́n fi òróró yà á sí mímọ́, gbogbo wa sì ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n ní àkókò òjò kejì, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbin àgbàdo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì sáàárín oko. Mẹkáníìkì fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì jáde. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù níbẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ eléyìí kẹ́yìn?" N kò rí èsì fún un.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn wí pé, "Dádì, ṣé owó ilé ìwé àwọn ọmọ náà la ó tún kó lé e lórí?" Oṣù márùn-ún ni katakata náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò kí a tó rí owó tún un ṣe. Nítorí kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ sí ilé onígbàgbọ́ mìíràn ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ JÓKÒÓ ṢÍRÒ KÍ Ẹ TÓ RÀ

Nínú Lúùkù 14:28, Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí yóò ná an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni katakata rí. Owó tí ẹ san fún ẹni tó tà á, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Dísẹ́ẹ̀lì, ọ́ìlì, táyà, owó awakọ̀ àti ti mẹkáníìkì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí ẹ ó ti máa rí páàtì rẹ̀. Ẹ wo Massey Ferguson 135. Ọdún 1964 ló jáde, ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, ẹ́ńjìnnì Perkins onísìlíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 45. Ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa débi pé mẹkáníìkì púpọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn kékeré láti Japan, bíi Kubota àti Yanmar, lágbára, wọn kì í sì í mu dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé oko ìrẹsì Japan nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Èdè wọn ni wọ́n kọ sí i lára, páàtì wọn sì lè má bá ti èyí tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ mìíràn mu. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọjà Araròmí ní Agodi Gate, n'Íbàdàn. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún onítọ̀hún.

LỌ́JỌ́ TÍ Ẹ BÁ LỌ WÒ Ó

Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, bóyá nítorí pé kì í tètè tan. Bí èéfín rẹ̀ bá ń jáde ní àwọ̀ búlúù láìdáwọ́dúró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì rẹ̀ bá funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè. Bí kò bá lè gbé e, tàbí tó ń mì sókè sódò, owó ńlá wà níbẹ̀.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ wo ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ ní àràárọ̀, kí ẹ sì máa ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́, kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Omi àti ìdọ̀tí inú dísẹ́ẹ̀lì ló ń ba nọ́súlù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì silẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ má sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú táńkì. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa rọ ọ́ kún, nítorí òtútù òru máa ń di omi nínú táńkì tó ṣófo.

Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán pátápátá, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú páìpù rẹ̀. Ẹ má ṣe pa bátìrì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí fílítà díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ pọ́ǹpù títí dísẹ́ẹ̀lì yóò fi jáde láìní ìfófòó, kí ẹ wá dì í padà. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ nu fílítà afẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́, kí ẹ sì yọ koríko kúrò lójú rédíétọ̀.

Ẹ̀MÍ JU KATAKATA LỌ

Ọ̀pá tí ń yí lẹ́yìn katakata máa ń yí tó ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá gbá ìró tàbí agbádá mú, kí a tó pariwo, ó ti parí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá ń fa kùkùté, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ so ṣéènì mọ́. Bí ẹ bá so ó sókè, iwájú katakata lè gbéra nílẹ̀, kó sì dojú dé lu awakọ̀. Ẹ má sì gbé ọmọdé jókòó sórí mọ́gáàdì, bó ti wù kó sunkún tó.

ÀJẸÌWẸ̀YÌN

Nígbà tí tiwa ń ṣiṣẹ́, a gbé e lọ ro oko fún àwọn ará Lágelú, Ẹgbẹ́dá títí dé Ọ̀nà-Àrà. Owó ń wọlé, a sì ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn àgbà ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Nísinsìnyí, bí a bá ti gba owó oko kan, tí a yọ ìdámẹ́wàá, owó ti katakata ló kàn kí a tó mú ti oúnjẹ. Ọ̀tọ̀ ni àpò rẹ̀. Ìyàwó mi ló ń kọ ìwé rẹ̀, bí kò bá sì fọwọ́ sí i, n kò gbọdọ̀ mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, a kò tíì fọwọ́ kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí Ọlọ́run fi Ádámù sínú ọgbà Édẹ́nì (Jẹ́nẹ́sísì 2:15), iṣẹ́ méjì ló fún un: kí ó ro ó, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. A mọ ríro dáadáa. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ìtọ́jú pẹ̀lú, kí ohun ìbùkún má sì di gbèsè nínú ilé wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.