Abẹ́rẹ́ Orúnkún: Ohun tí Ó Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Iṣẹ́ tí orúnkún ń ṣe fún ọmọ ènìyàn kò kéré. Òun ni àgbẹ̀ ń tẹ̀ kí ó tó lè ro oko, òun ni obìnrin ń kúnlẹ̀ lé lórí kí àgbà, òun náà sì ni gbogbo wa fi ń gun òkè tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá wà ní àlàáfíà, kò sí ẹni tí í rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kọ iṣẹ́ ni olúwarẹ̀ tó ń mọ iyì rẹ̀. Ilé tí kò ní ìyá àgbà kan tí í di ògiri mú kí ó tó lè dìde lórí àpótí kò pọ̀ láàárín wa. Bí irú wọn bá dé ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń béèrè, nítorí ó ti wà lọ́kàn wọn pé oògùn oníhóró ń rìn jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń sáré. Ní tòótọ́, abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú orúnkún wà, oríṣìíríṣìí ni ó sì jẹ́. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe? Kí ni ó sì kọjá agbára rẹ̀? Èyí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Kí a tó mọ iṣẹ́ oògùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn. Ibi tí egungun itan àti egungun ojúgun ti pàdé ni orúnkún wà, egungun pẹlẹbẹ kékeré kan sì bo iwájú wọn. Ẹlẹ́dàá kò fi egungun lé egungun lásán. Ó fi kèrékèrè funfun tí ń dán tí ó sì ń yọ̀ bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì fi omi díẹ̀ tí ń fà bí funfun inú ẹyin tútù sáàárín wọn, kí wọn má baà máa ha ara wọn. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, tàbí tí ara bá wúwo jù, tàbí tí ènìyàn ti fi orúnkún ṣèṣe rí, kèrékèrè yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bí ìsàlẹ̀ bàtà ti ń jẹ. Inú oríkèé a wú, a gbóná, egungun kéékèèké a sì máa hù létí rẹ̀. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Àwa yóò máa pè é ní àrùn oríkèé jíjẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dì mú ṣinṣin: kèrékèrè kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ohun àtúnṣe lọ síbẹ̀ tí ojú ọgbẹ́ fi ń jiná. Kèrékèrè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí èyí tí ó bá ti jẹ kì í fi í hù padà bí ti àtijọ́.

Nínú àwọn abẹ́rẹ́ tí a ó sọ̀rọ̀ wọn, ti kọ́tísónì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Ní ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn yìí tọ́jú obìnrin kan tí irú àrùn oríkèé mìíràn ti há mọ́ orí ibùsùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó dìde, ó ń rìn. Ní ọdún 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Ní ọdún 1951, Dókítà Joseph Hollander ti ìlú Philadelphia ròyìn bí a ti lè gún ìbátan rẹ̀ kan tààrà sínú oríkèé. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí oògùn tí a bá gbé mì ń kiri gbogbo ara, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gún sínú orúnkún, ibẹ̀ ni púpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Ohun tí oògùn yìí ń ṣe ni pé ó ń pa wíwú àti gbígbóná inú oríkèé bí ẹni bu omi pa iná, ìtura rẹ̀ kì í sì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ pẹ̀lú. Ìlànà ìtọ́jú tí àjọ NICE gbé jáde ní ilẹ̀ England ní ọdún 2022 sọ pé ọ̀sẹ̀ 2 sí 10 péré ni. Bí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ bá gbà á, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ga fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ìwádìí kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Wọ́n pín ènìyàn 140 sí ọ̀nà méjì: apá kan ń gba ìbátan kọ́tísónì ní ọ̀sẹ̀ 12 sí ọ̀sẹ̀ 12 fún ọdún 2, apá kejì ń gba omi iyọ̀ lásán. Nígbà tí ọdún méjì pé, ìrora wọn kò yàtọ̀ sí ara wọn, ṣùgbọ́n kèrékèrè àwọn tí ó gba oògùn ti jẹ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà ni dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í gún un léraléra.

Èrò mìíràn ni ó bí abẹ́rẹ́ kejì. Omi inú oríkèé tí ó ń jẹ kì í fà dáadáa mọ́. Èròjà tí ó ń mú un fà ni hyaluronic acid, èyí tí Karl Meyer àti John Palmer kọ́kọ́ rí nínú ojú màlúù ní New York ní ọdún 1934. Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé, bí a bá fi èròjà yìí kún omi orúnkún, yóò dà bí ìgbà tí a ta epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbẹ. Ibi tí wọ́n ti ń rí i púpọ̀ yóò yà yín lẹ́nu: inú ogbe orí àkùkọ ni! Ní ọdún 1997, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi tọ́jú orúnkún. Owó rẹ̀ kò kéré. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ tí wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022, wọ́n rí i pé ìtura tí ó fi ju ti omi iyọ̀ lọ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kò fi lè mọ̀ ọ́n lára tó.

Abẹ́rẹ́ kẹta ni ti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. A ó fa ẹ̀jẹ̀ náà, a ó fi ẹ̀rọ yí i bírí-bírí títí yóò fi yà sí ìpele-ìpele, a ó sì mú apá tí ó kún fún àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, a ó gún un sínú orúnkún. Àwọn ìwádìí kan yìn ín. Ṣùgbọ́n ní Australia, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 288, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2021: lẹ́yìn oṣù 12, kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín rẹ̀ àti omi iyọ̀, ìbáà jẹ́ ní ti ìrora, ìbáà jẹ́ ní ti kèrékèrè.

Ẹni tí ó bá ń fọkàn bá wa bọ̀ yóò béèrè pé, kí ni omi iyọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìbéèrè gidi ni. Ìrora orúnkún a máa lọ, a sì máa bọ̀. Ìgbà tí ó bá le jù ni ènìyàn ń sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ọjọ́ bá sì gorí ọjọ́, ó lè rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí aláìsàn ní nínú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú a máa dín ìrora kù. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí a gún ní omi iyọ̀ lásán ni ara ń tù. Bí aládùúgbò bá wí pé abẹ́rẹ́ báyìí ni ó wo òun sàn, kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá oògùn ni ó ṣiṣẹ́ tàbí àkókò.

Kí ni ó wá dára jù? Ní ọdún 2020, àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ìbátan kọ́tísónì wé ìdárayá tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ń kọ́ni. Ènìyàn 156 ni ó kópa níbẹ̀. Nígbà tí ọdún kan pé, ìrora àwọn tí ó ṣe ìdárayá kéré sí ti àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì ń lo ẹsẹ̀ wọn dáadáa jù wọ́n lọ. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí iṣan itan tí ó lágbára ni ó ń bá orúnkún gbé ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí kan ní ọdún 2005 fi hàn pé, bí ẹni tí ara rẹ̀ wúwo jù bá fi kílò 1 fọn, bí kílò 4 ni ó ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń ná owó lé abẹ́rẹ́ lórí, tí kò náání ìdárayá àti ìwọ̀n ara rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Èyí kò wí pé abẹ́rẹ́ kò wúlò rárá. Nígbà tí orúnkún bá wú, tí ìrora kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe ìdárayá, abẹ́rẹ́ ìbátan kọ́tísónì lè ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Dókítà nìkan, tàbí ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà dájú, ni ó sì yẹ kí ó gún un, nítorí bí abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ bá gbé kòkòrò wọ inú oríkèé, ó lè ba orúnkún jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí gbogbo ọ̀nà bá sì dí, iṣẹ́ abẹ kù, nínú èyí tí a ń fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò èyí tí ó ti jẹ tán.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni a sábà máa ń ní kí ẹ tẹ̀lé àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni orúkọ oògùn yìí, ìgbà wo ni ìtura rẹ̀ yóò mọ, kí ni ó sì yẹ kí wọn máa ṣe kí ìgbà náà tó kọjá? Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ni kí ẹ mú délé. Ẹ bá wọn ka iye ìgbà tí wọn yóò máa na ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú wọn rìn ní ìrọ̀lẹ́.