Ìdí Tí Bàálù Fi Ń Fo Ìlú Wa Kọjá

Ìkòyí ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó, níbi tí àwọn olówó ń gbé. Ìkòyí tí mo ń wí ni èyí tí ó wà lẹ́bàá Àpòmù àti Ìkirè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá ń roko ní agbègbè yìí a máa gbọ́ ìró bàálù lókè. Àgbà kì í wò ó, ṣùgbọ́n ọmọdé a gbójú sókè, a juwọ́ sí i, a sì bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, èé ṣe tí kì í balẹ̀ lọ́dọ̀ wa?"

Ọ̀pọ̀ bàbá ni yóò dáhùn pé ìjọba kò tíì kọ́ pápá bàálù fún wa ni. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Ìkòyí, tí ó gba Ìkirè, tí ó sì sọdá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjire, yóò kọjá lẹ́bàá Alákìá kí ó tó wọ ìgboro Ìbàdàn. Pápá bàálù wà ní Alákìá. Ọdún 1984 ni wọ́n ṣí i, ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lórí rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bí 2,400 mítà, èyí tí ó tó fún bàálù ńlá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé bàálù tí ń balẹ̀ níbẹ̀ lóòjọ́ kò tó ìka ọwọ́ kan. Ìbàdàn kì í ṣe ìlú kékeré, pápá sì wà níbẹ̀. Kí ni ó kù?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Àpòmù wò ó. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, kí ogun Òwu tó jà, Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ná ọjà. Kì í ṣe àtíbàbà ni ó mú kí ọjà náà kún. Ọ̀nà ni ó pàdé níbẹ̀, tí ẹni tí ó ní nǹkan tà sì ń bá ẹni tí yóò rà á pàdé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pápá bàálù rí. Ìjọba lè kọ́ àtíbàbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni bàálù ni yóò pinnu bí òun yóò bá pàtẹ níbẹ̀, èrò inú ọkọ̀ ni ó sì ń kà kí ó tó pinnu.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ìgbà tí bàálù bá ń gbéra tí ó ń gun òkè ni ó ń mu epo jù. Nígbàkígbà tí ó bá sì balẹ̀, táyà rẹ̀ a jẹ díẹ̀, yóò sì san owó ìbalẹ̀ fún àwọn aláṣẹ pápá. Èkó sí Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ. Bàálù kò ní tíì gòkè tán tí yóò fi máa sọ̀ kalẹ̀. Èrò tí ó ti dé Ìkẹjà ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí bàálù yóò gbéra lè bá ẹni tí ó gba ọ̀nà ilẹ̀ nílé, pàápàá láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ìbàdàn sí Àbújá ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ó jẹ́ nǹkan bí 400 kìlómítà, bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ nínú bàálù. Lórí ilẹ̀, ọjọ́ kan gbáko ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú ń rí lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí Overland Airways, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1998, fi fi Ìbàdàn sí Àbújá ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó ń ná.

Irú bàálù náà ní ìtumọ̀. Ká ní ènìyàn 40 ni ó fẹ́ lọ sí Àbújá láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí a bá gbé bàálù onìjókòó 150 wá, ìjókòó 110 ni yóò ṣófo. Ẹ̀kọ tí kò tà lónìí, ẹlẹ́kọ lè rí i tà lọ́la. Ìjókòó tí ó ṣófo nígbà tí bàálù gbéra ti ṣègbé nìyẹn. Nítorí náà ni Overland ṣe lo àwọn bàálù ATR tí abẹ̀bẹ̀ ń yí ní iwájú apá wọn, tí ìjókòó inú wọn kò pọ̀, àti Beechcraft 1900D tí kò gbà ju èrò 19 lọ. Green Africa tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 náà fi ATR bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń rojú bí wọ́n bá rí bàálù alábẹ̀bẹ̀, wọ́n a ní ògbólógbòó ni. Kì í ṣe ògbólógbòó. Epo tí ó ń mu kò pọ̀, ojú ọ̀nà kúkúrú sì tó o.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ná òfurufú ilẹ̀ yìí mọ ìṣirò náà dáadáa. Ní 1936, Kano ni bàálù Imperial Airways kọ́kọ́ dé kí ó tó dé Èkó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà láti Khartoum ti wọ ilẹ̀ wa. Ní 1946 ni ìjọba Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pawọ́ pọ̀ dá West African Airways Corporation sílẹ̀, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ kalẹ̀ sí Ìkẹjà. Bàálù Dove ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kì í gbà ju èrò bíi mẹ́wàá lọ. Ìlú mẹ́rin kó owó jọ, bàálù kékeré ni wọ́n sì rà!

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ títí. Ghana gba òmìnira ní 1957. Nígbà tí ó di 1958, ó dá Ghana Airways tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìràwọ̀ dúdú sí ìrù bàálù rẹ̀. Nàìjíríà mú tirẹ̀, èyí tí ó wá ń jẹ́ Nigeria Airways láti 1971. Àwọ̀ ewé àti funfun ni ó kùn ún, ó sì ya erin oníyẹ̀ẹ́ sí i. Erin tí ń fò! Mo ti rí àgbà tí ó rẹ́rìn-ín sí àwòrán náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà ní òkè òkun nígbà náà, tí ó rí erin yìí ní pápá bàálù àwọn aláwọ̀ funfun, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tí ó rí ará ilé.

Iṣẹ́ tí ọ̀dà ń ṣe nìyẹn. Ó dà bí aṣọ ẹbí: a ó ti òkèèrè mọ ẹbí tí ó ń bọ̀. Àwọ̀ funfun pọ̀ lára bàálù nítorí pé kì í gba oòrùn mọ́ra. Ọ̀dà sì ní ìwúwo, nítorí èyí tí a fi kun bàálù ńlá kan lè wúwo ju ènìyàn kan tàbí méjì lọ, epo ni yóò sì gbé e. Olówó lè kun bàálù rẹ̀ bí ó ti wù ú, bí Ibom Air ti Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe mú àwọ̀ ọsàn. Ohun tí òfin kò fi síwájú ẹni kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀. Ti Nàìjíríà ni 5N, ti Ghana ni 9G.

Nígbà tí Nigeria Airways kógbá wọlé ní 2003 pẹ̀lú gbèsè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ kí a dá òmíràn sílẹ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ àti àmì Nigeria Air han gbogbo ayé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi dá iṣẹ́ náà dúró. Wọ́n tún gbé e dìde. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2023, bàálù kan balẹ̀ ní Àbújá tí a ti kọ Nigeria Air sí lára. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé bàálù Ethiopian Airlines ni. Ó padà sí ilé rẹ̀, wọ́n sì tún un kùn. Kò ná ọ̀nà kankan, kò gbé èrò kan ṣoṣo. Ọ̀dà ti dé, ọ̀nà kò sí.

Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ nípa pápá Ìdó-Ọ̀ṣun. Ó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà Gómìnà Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni wọ́n dáwọ́ lé e láti sọ ọ́ di pápá ńlá, wọ́n sì fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá pè é. Owó ti wọlẹ̀ níbẹ̀, àríyànjiyàn sì ti pọ̀ lórí rẹ̀. N kò ní kí a má kọ́ ọ. Ohun tí èmi ìbá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún un ni pé: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje, tí òjò ń rọ̀, tí kò sí ọdún, tí kò sí òkú ṣíṣe, ènìyàn mélòó láti Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìwó, Ìkirè àti Ìkòyí ni yóò san owó bàálù lọ sí Àbújá? Ta ni yóò sì kún un padà? Ìlọrin ní pápá tirẹ̀ ní òkè, Àkúrẹ́ ní ìlà oòrùn, Alákìá sì wà níhìn-ín.

Ní ti ọmọ tí ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní oko Ìkòyí, kí bàbá náà kọ́kọ́ bá a ka ìjókòó inú bàálù náà, kí ó sì bi í léèrè pé mélòó nínú àwọn ará àdúgbò wọn ni yóò jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.