ỌKỌ̀ Ń JÒ LÓJÚ Ọ̀SÀ, TA LÓ Ń WO ABẸ́ Ẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọmọ Èkó ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ní kí n gba ojú omi láti Báyékù n'Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí n wá ròyìn fún yín. Mo lọ. Ọlọ́run ló yọ mí.

A ò tí ì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Mo wolẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀! Mo pariwo. Awakọ̀ ò tilẹ̀ wẹ̀yìn, abọ́ kan ló jù sí mi: "Bọ̀dá, ẹ bá wa gbọ́n ọn." Ìyá kan tó kó agbọ̀n òfìfo dání, tó ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo wa la máa ń gbọ́n ọn." Bí mo ṣe gbọ́n omi dé Ìjẹdẹ́ nìyẹn.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ gòkè, wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n pe bàbá káfíńtà. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó mú òòlù, ó ń fi kan pákó díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i bíi dókítà. Ibi tó bá ti dún bí ìlù, kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀ tán. Ó fi ihò kan hàn mí, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tó la pákó náà, inú ẹ̀ rí bí ilé ìkán!

Kòkòrò yìí gùn bí ekòló, omi oníyọ̀ ló sì fẹ́ràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọ inú ọ̀sà. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn á ti iyọ̀ náà padà. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lókè Ẹ̀pẹ́ kò ní iyọ̀. Bàbá ní ọkọ̀ tó bá pẹ́ lọ́hùn-ún, kòkòrò inú ẹ̀ á kú.

Àtúnṣe ńkọ́? Ẹ ó gé pákó tó jẹrà dànù, ẹ ó fi ìrókò tuntun dípò ẹ̀. Ẹ ó rẹ òwú sínú ọ̀dà, ẹ ó fi òòlù gbá a wọ àlàfo pákó, ẹ ó tún fi ọ̀dà kùn ún, kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Bàbá ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Awakọ̀ ní wákàtí mẹ́ta lòun ní.

Ìjà dé! Ọkọ̀ kì í ṣe ti awakọ̀, olówó ọkọ̀ sì ń retí owó ẹ̀ lálaalẹ́. "Bàbá, ẹ kàn fi òwú dí i fún mi." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ọdún tó kọjá náà, òwú lo ní kí n fi dí i. O ò tí ì san ti ìyẹn."

Omi yìí kì í ṣe omi àná o. Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ lòun àtàwọn èèyàn ẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn ọmọ wọn là ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ọjà Èjìnrìn ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ló sọ ọ́ di ọjà ńlá. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LASWA sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ojú omi. A ń gbọ́ ìkìlọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti ìrìn òru, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láìfù jákẹ́ẹ̀tì kì í dí ihò! Lọ́jọ́ tí mo wọkọ̀ tèmi, mi ò rí ẹni tó bèèrè abẹ́ ẹ̀.

Bàbá káfíńtà kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Bí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ onípákó, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan abọ́ ìgbọ́nmi. Bó bá ti tutù kí ọkọ̀ tó ṣí, tí òjò ò sì rọ̀, ẹ bèèrè ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja ló parí ìjà. Ó kó agbọ̀n ẹ̀ lérí, ó ní, "Èmi ò wọ̀ ọ́ mọ́ lónìí. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, màá padà wá." Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ wo ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn wọn. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá yọ ìṣó.

Mọ́tò lèmi àti ìyá wọ̀, a gba Ìtòíkín dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọkọ̀ ní Báyékù, Ìpakodò àbí Ẹ̀pẹ́, ẹ kọ̀wé sí wa: ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀ tiyín?