Bí Ajá Tàbí Ológbò Ilé Yín Bá Bu Èèyàn Jẹ

Ìwé ìlàlóye láti ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba, fún gbogbo ilé tó ń sin ẹran

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá mẹ́ta, ológbò méjì, ehoro lẹ́yìnkùlé àti ẹyẹlé lórí òrùlé, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ohun tó jẹ́ ká kọ ọ́ ni pé àwọn èèyàn ń pẹ́ jù kí wọ́n tó wá tí ẹran ilé wọn bá bù wọ́n jẹ, àwọn mìíràn sì ń kọ́kọ́ wá síbi tí kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ẹni tí wọ́n bù jẹ, ilé ìwòsàn èèyàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ

A máa ń rí ìyá tó pọn ọmọ, tó tún fa ajá lọ́wọ́, tó ti tò sórí ìlà wa láti àárọ̀. Nígbà tó bá kàn án, ohun tá a máa sọ fún un ni pé a ò ní abẹ́rẹ́ èèyàn níbí. Ó máa ń dùn wá láti sọ ọ́, torí wákàtí tó ti lọ kò ṣeé dá padà. Ti ẹranko nìkan ló wà nínú fíríìjì wa. Ẹ gbé ẹni tí wọ́n bù jẹ lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín, lọ́jọ́ náà gan-an. Ajá lè dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà: ọṣẹ, omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15. Omi tẹ́ ẹ dà sí i lẹ́ẹ̀kan kò tó. Bí ẹ̀rọ omi ò bá yọ, kí ẹnì kan máa fi kọ́ọ̀pù bu omi dà á, kí ẹnì kejì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí dé inú ibi tí eyín wọ̀. Ọmọ á sunkún. Ẹ rọra dì í mú, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Inú itọ́ ẹranko ni kòkòrò àrùn dìgbòlugi wà, ọṣẹ sì máa ń pa á. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ lè fi sípíríìtì tàbí áódíìnì pa á. Ẹ má fi epo pupa, ata, eérú tàbí epo mọ́tò sí i, ẹ má sì jẹ́ kí oníkẹ́mísí rán an.

“Ajá ilé wa ni”

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń kó ìdààmú bá wa jù lọ. “Ajá ilé wa ni, a mọ̀ ọ́n.” “Bíńgò kì í jáde.” “Ó kàn ń bá a ṣeré ni.” “Ọmọ ajá lásán ni.” Ẹni tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán á jókòó sílé, á ní kóun kọ́kọ́ wò ó ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó. Dìgbòlugi ò mọ ajá ilé yàtọ̀ sí ajá ìgboro. Bíńgò tí kì í jáde, ṣé kì í yọ́ gba abẹ́ géètì lóru? Ṣé ajá ìgboro kan ò gba ojú gọ́tà wọlé rí, kí àwọn méjèèjì jà sórí egungun ní ẹ̀gbẹ́ ààtàn? Ológbò sì rèé, alaalẹ́ ló ń fo fẹ́ǹsì, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó lọ. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé àrùn yìí máa ń wà nínú itọ́ ajá fún ọjọ́ mélòó kan kí àmì kankan tó hàn lára rẹ̀. Ajá náà á ṣì máa jẹun, á ṣì máa jùrù tẹ́ ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́. Nítorí náà, pé ó dà bíi pé ara rẹ̀ le lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ kò fi nǹkan kan hàn.

Ọgbẹ́ tó jinná náà kò fi nǹkan kan hàn. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni àrùn yìí sábà máa ń lò lára kó tó jáde. Ó lè má tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọdún kan. Ọmọ á ti padà sílé ìwé, ojú ọgbẹ́ á ti di àpá, gbogbo ilé á ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni ojú àpá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ibà á dé, omi tó fẹ́ mu á di ohun tó ń dẹ́rù bà á. Tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí oògùn tó lè wò ó, yálà nílé yìí tàbí lókè òkun. Àmọ́ tí wọ́n bá tètè fọ ọgbẹ́ náà, tó sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé kí àmì tó yọ, ó ń yè é. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Aboyún náà lè gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó bá sì ti pẹ́, kó ṣì lọ lónìí.

Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàn. Bí èékánná bá ha ara, bí eyín bá bó awọ díẹ̀, bí ajá bá lá ojú egbò tàbí ẹnu ọmọ, ẹ lọ. Àárín ilé gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ọmọ fẹ́ mú egungun lẹ́nu ajá, bàbá ń la ajá méjì tó ń jà nídìí abọ́, ẹnì kan ń wẹ ológbò, ẹlòmíì na ọwọ́ sí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n máa na òun torí pé òun fa ìrù ológbò kò ní sọ fún yín. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́, ẹ máa wo apá àti ẹsẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní nà wọ́n.

Ẹ má pa ajá náà

Ajá tó wà láàyè wúlò fún ẹni tó bù jẹ. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ tì í mọ́ inú àgò, kẹ́ ẹ sì mú un wá ká máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Tó bá pé ọjọ́ 10 tí ara rẹ̀ ṣì le, dókítà lè ní kí ẹni náà dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ọ̀pọ̀ ń ṣi èyí gbọ́, wọ́n ń dúró kí ọjọ́ 10 pé kí wọ́n tó lọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ àti ìṣọ́ jọ ń lọ ni.

Àwọn kan ń pa ajá náà sè, wọ́n á fún ẹni tó bù jẹ ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀dọ̀ yẹn ò lè gbà á sílẹ̀, ẹni tó sì pa ajá náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ajá náà ti kú, ẹ má sin ín, ẹ má fọ́ orí rẹ̀, ẹ má gé e fúnra yín; ẹ pè wá. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ àrùn náà wò, ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, nítòsí Jos.

Ní ti ọjọ́ abẹ́rẹ́, bá a ṣe ń ka òní mọ́ ọjọ́ máa ń da àwọn èèyàn rú. Ẹni tó gba àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè á gba ìkejì ní Tọ́sìdeè, ìkẹta ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìkẹrin ní Mọ́ńdè tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Dókítà lè fi ìkarùn-ún kún un.

Káàdì ẹnu géètì

Àwọn tó dúró síta géètì wa pẹ̀lú báàgì, tí wọ́n ń ta káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ajá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Àwọn kan nínú wọn á lu òǹtẹ̀ sí káàdì láì rí ajá rárá. Àwọn mìíràn á fa ìgò abẹ́rẹ́ yọ látinú ọ̀rá dúdú, ìgò náà á sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó jẹ́ ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius; èyí tí oòrùn ti pa ò dáàbò bo ajá kankan. Káàdì tòótọ́ máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n bó lára ìgò náà, déètì, àti orúkọ dókítà pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Kántà nìkan ni kẹ́ ẹ ti sanwó, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ti ra káàdì níta, kó sọ fún wa láìbẹ̀rù. A máa fún ajá náà lábẹ́rẹ́, kò ní pa á lára.

Látìgbà tí ọmọ ajá tàbí ọmọ ológbò bá ti pé oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti mú un wá, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Tí ajá tó ní káàdì tòótọ́ bá bu èèyàn jẹ, ẹ ṣì lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ mú káàdì náà dání kí dókítà rí i.

Àwọn ẹran yòókù

Ẹyẹlé, adìyẹ, ìjàpá àti ẹja kì í ní dìgbòlugi. Ọ̀bọ lè ní in. Bí ẹ ṣe máa ṣe sí ti ajá ni kẹ́ ẹ ṣe sí tiẹ̀.

Ajá tẹ́ ẹ bá ń mú bọ̀ torí pé ó bu èèyàn jẹ, ẹ fi ṣéènì tàbí okùn tó lágbára dè é, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo mú un wá, kẹ́ ẹ má sì bá àwọn tó kù tò sórí ìlà. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́wọ́ òsì géètì, kẹ́ ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ajá ọjọ́ 10 ni. Òṣìṣẹ́ wa á jáde wá bá yín.